Àkísà Àgbà ní Ilẹ̀ Íńdíà

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti kékeré ni a ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n a kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí a fi dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí a ti rí ìlú kan tí àkísà ń bọ́, àti ìlú mìíràn tí àkísà ti ń di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ fún wa ní etí díẹ̀ kí a ròyìn ohun tí ojú wa rí.

Àbúrò wa kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ni ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi di ìwé owó mú." Báyìí ni a ṣe di alábàárìn rẹ̀.

Ìlú tí a kọ́kọ́ yà sí ni Panipat, tí ó wà ní nǹkan bí 90 kìlómítà sí ìhà àríwá Delhi. Àwọn tí ó kọ́ ìtàn mọ orúkọ ìlú yìí nítorí ogun ńlá mẹ́ta tí a jà níbẹ̀ ní ọdún 1526, 1556 àti 1761. Lónìí, àlòkù aṣọ ni a ń kó wọ ibẹ̀. Aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti wọ̀ sú ni a ń dì ní ẹrù ńláńlá wá sí èbúté Íńdíà. Ní èbúté Kandla, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, a máa ń ṣà wọ́n. Èyí tí ó ṣì ṣeé wọ̀ a tún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ mìíràn, títí kan ilẹ̀ Afíríkà wa yìí. Nígbà tí àbúrò wa gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé ọ̀nà ibí náà ni òkirika ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa!" Èyí tí kò ṣeé wọ̀ mọ́ ni a máa ń gé ya, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á bí aṣọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ń lọ sí Panipat.

Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó láàrin òkìtì aṣọ tí ó ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n ń fi abẹ tí a gbé dúró sórí ilẹ̀ gé bọ́tìnnì, síìpù àti aṣọ inú kúrò. Wọ́n ń ṣà wọ́n ní àwọ̀-àwọ̀: pupa sọ́dọ̀ pupa, búlúù sọ́dọ̀ búlúù. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ eléyín a fa aṣọ náà ya títí yóò fi rí bí òwú tí a kò tí ì ran. A ó wá ran án, a ó sì fi hun kúbùsù. Nítorí pé a ti ṣa àwọ̀ wọn, ìgbà púpọ̀ ni kò sí ìdí fún aró. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú a máa ra irú kúbùsù bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri tàbí omíyalé bá lé kúrò nílé. Ìlú Batley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nígbà tí Benjamin Law ti fi àkísà olówùú irun àgùntàn ṣe òwú tuntun ní ọdún 1813.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ dídùn rẹ̀ nìkan. Eruku aṣọ kún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bí ọyẹ́. A kò lò tó wákàtí kan tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń bẹ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ó jẹ́ pé etí aṣọ wọn ni wọ́n fi bo imú. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú, kúbùsù pólísítà tuntun, tí ó fúyẹ́ tí kò sì wọ́n, ti gba ọjà lọ́wọ́ kúbùsù àkísà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti yí sí i.

Láti Delhi a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé Kolkata, a sì tún gba ibẹ̀ lọ sí Bolpur ní ilẹ̀ Bengal. Lẹ́bàá Bolpur ni Santiniketan wà, níbi tí Rabindranath Tagore, akéwì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ọdún 1921. Ní ọdún 1922, ó tún dá Sriniketan sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, láti ran àwọn ará abúlé àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjà kan a máa kún lábẹ́ àwọn igi Sonajhuri, ibẹ̀ ni a sì lọ.

Oríṣi aṣọ méjì ni ó gba ọkàn wa níbẹ̀. Èkíní ni késì. Àwọn ahunṣọ a fa sárì àlòkù ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Òwú tuntun ni wọn ó ta sí ara òfì, ṣùgbọ́n àkísà sárì ni wọn ó máa fi hun ún ní ìbú. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kan ìbá dé ibẹ̀, ojú kan ni yóò fi mọ iṣẹ́ náà. Nítorí pé sárì kan kò jọ èkejì, késì méjì kì í jọra.

Èkejì ni káńtà. Sárì gùn tó nǹkan bí ọ̀pá 6. Bí ó bá ti gbó, a máa rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwọn obìnrin Bengal a tẹ́ ẹ lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gán an láti etí dé etí. Láyé àtijọ́, etí sárì náà ni wọ́n ti ń yọ òwú aláwọ̀ tí wọ́n fi ń ya òdòdó omi, ẹja àti igi sí i. Òun ni wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun, òun ni wọ́n sì fi ń bora ní ìgbà òtútù. Lónìí, àwọn kan a máa gbé abọ́ kiri láti fi pààrọ̀ sárì àlòkù lọ́wọ́ àwọn ìyá ilé, bí àwọn alápààrọ̀ ti ń ṣe ní àdúgbò tiwa.

Ìyá àgbà kan tẹ́ káńtà síwájú wa. Nígbà tí ó dá iye rẹ̀, a rẹ́rìn-ín bí oníbàárà, a sì sọ fún ògbufọ̀ pé, "Ẹ bá wa sọ fún ìyá pé àkísà mà ni, ìdajì owó yẹn ni a ó san." Ìyá náà kò bínú. Ó yí ẹ̀yìn aṣọ náà sókè, ó gbé ọwọ́ wa lé e, ó sì ní kí a ka ojú abẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíka owó àti kíkọ iye bẹ̀rẹ̀ sí kà. A kà títí ojú wa fi ṣe bàìbàì, a kò sì tí ì dé ìdajì. Nígbà náà ni ó wí pé, "Oṣù mẹ́ta ni mo fi gán an, nígbà tí mo bá dáná alẹ́ tán. Àkísà ni sárì náà. Ojú mi àti ọwọ́ mi kì í ṣe àkísà."

Ojú tì wá púpọ̀. Àbúrò wa rọra sọ sí wa létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èrè wa ńkọ́?" Kò ṣìwí, nítorí oníṣòwò kì í fi àánú san owó ìsọ̀. Ṣùgbọ́n kálámù wa kọ̀ láti kọ ìdajì. Márùn-ún ni a rà dípò ogún tí ó ti pinnu, a sì san iye tí ìyá náà dá. Nígbà tí a délé, mẹ́ta ni ó tà. Méjì ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń fi wọ́n ṣe wá yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Ìyá wa pẹ̀lú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, àgbó ìró wọn ni wọ́n fi gbà wá nígbà tí a bí wa. Wọ́n ní aṣọ tuntun le jù fún ara ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó da ohun tí ó wà nínú àpótí yín nù, ẹ tún un wò. Àti gbogbo wa pátá, bí a bá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, aláró tàbí ahunṣọ, kí a tó ṣẹ́ owó náà sí ìdajì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn aṣọ wò.