Àyè Ti Tán

Ìyá àgbà ń fi ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ni fóònù dédé dá gbígbohùn dúró: àyè ti tán. Bẹ́ẹ̀ mo pa fídíò rẹpẹtẹ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà! Àṣé inú ààtàn gálárì ni gbogbo wọn ṣì wà. Ọjọ́ 30 ni fóònù mi fi ń tọ́jú wọn. Mo dà wọ́n nù. Mo wọ fódà WhatsApp, mo bá ọ̀kan tó ń jẹ́ Sent: ẹ̀dà kejì gbogbo fídíò tí mo fi ránṣẹ́ láti ọdún kìn-ín-ní, GB 9 gbáko. (Ẹ lọ wo tiyín.)

Mo bẹ ìyá àgbà kí wọ́n tún un sọ. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé Ìkálẹ̀ ni fóònù kọ̀.