Ọ́ìlì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dà

Àwọn ará àdúgbò wa n'Íbàdàn ti fẹnu kò pé ahun ni mí. Ọkùnrin tó ní mọ́tò, tó wá wọ àkísà láàárọ̀ Sátidé, tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ni wọ́n tún fẹ́ pè é? Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí owó ni, a jẹ́ pé mi ò mọ ìṣirò. Owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń gbà lórí pípààrọ̀ ọ́ìlì kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tó bá ra ọ́ìlì lọ́dọ̀ wọn. Nílùú òyìnbó, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti wọ́n bí ojú, ó yé mi tí èèyàn bá torí owó ṣe é fúnra rẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mi ni.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì le nítorí pé ojú kò lè dá a mọ̀. Ojúlówó àti ayédèrú lè jọ ara wọn bí wọ́n bá ṣì wà nínú gálọ́ọ̀nù. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò tán, tí wọ́n á pa á láwọ̀ dà, tí wọ́n á rọ ọ́ padà sínú gálọ́ọ̀nù tó ní orúkọ ńlá lára. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà lórílẹ̀-èdè wa, ti gbẹ́sẹ̀ lé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, ọjà ò sì tíì dá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń lọ ra tèmi fúnra mi, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ ẹni tó ni ín, tí màá sì dúró ka ara gálọ́ọ̀nù bí ẹni ń ka lẹ́tà ìyàwó àfẹ́sọ́nà.

Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Níbi tí wọ́n kọ API, orúkọ àjọ elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, sí, lẹ́tà méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. SF wà fún mọ́tò tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1988. SL wà fún èyí tí wọ́n ṣe títí di 2004. SP jáde ní 2020. Síbẹ̀, SF ṣì wà lórí igbá àwọn olọ́ìlì títí dòní, wọ́n sì ń dà á sínú mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò tíì lálàá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ po ọ́ìlì náà. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ìwé tó bá Corolla tòkúnbọ̀ mi wá ní 5W-30 ni kí n lò. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní 20W-50 ni, pé oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ tòyìnbó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòfò pátápátá, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tó ń yọ èéfín, ọ́ìlì tó ki lè bò ó láṣìírí díẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, ni irin máa ń fẹnu kan irin jù, ọ́ìlì tó bá sì ki jù máa ń pẹ́ kó tó gun òkè. Ìwé ni mo tẹ̀ lé.

Ní bíi 5,000 kílómítà ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé lè fún èèyàn láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé ò tíì dé Òjòó tàbí Ìwó Road nírọ̀lẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, táyà ò yí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kílómítà ò sì ka ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ò le. Màá tan mọ́tò fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì ṣàn dáadáa, màá pa á, màá fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ọmọ èèyàn ń fẹ̀mí lé lọ́wọ́. Mo máa ń ki ẹsẹ̀ irin sábẹ́ mọ́tò, màá tún ti táyà àfipamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí ọ́ìlì àlòkù tó bá ń pẹ́ lára lè fa jẹjẹrẹ awọ. Sípánà 14 ló ń tú náàtì ìdí ọpọ́n ọ́ìlì. Bó bá ti dẹ̀, ọwọ́ ni màá fi yí ìyókù, tí màá máa tì í sókè bí mo ṣe ń yí i, títí màá fi já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì á tú jáde gbọ̀ọ̀rọ̀, dúdú kirikiri, á kọ́kọ́ ta jìnnà. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù, á máa fà sẹ́yìn, èmi náà á máa fọwọ́ ti báàfù tẹ̀ lé e, títí yóò fi di ẹ̀kán tó ń kán tó, tó, tó.

Àsìkò ẹ̀kán yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń gbé díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá gbé e sóòrùn. Bí irin bá ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, omi ti wọ inú rẹ̀, owó ńlá sì ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún wa ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀gá tí ẹ gbé mọ́tò lọ bá kọ́ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì yín. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni, èyí tó ń fi gbogbo agbára èwe di náàtì títí ojú náàtì á fi jẹ.

Fílítà ló kù. Rọ́bà ẹnu ti àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí èèyàn bá wé tuntun lé e, ọ́ìlì á máa dà nù lójú ọ̀nà ni. Màá fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ti tuntun lẹ́nu, ọwọ́ lásán ni màá sì fi dì í. Ẹ́ńjìnnì mi ń gba lítà 3.7. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì jẹ́ lítà mẹ́rin. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sí i, torí "gálọ́ọ̀nù kan ló ń gbà", ọ́ìlì á sì kọjá àmì òkè lára géèjì. Èmi ń fi ìyókù pamọ́ fún àfikún.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi gbọ́, ó ní, "Alàgbà, ṣé ẹ ti fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?" Mo ní bíréèkì àti gíà ṣì ń dúró dè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ̀yin oníbàárà náà ni. Tí n bá ní kí ẹ ra ojúlówó, ẹ ó ní mo fẹ́ jèrè. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá kú, ẹ ó ní èmi ni mo pa á." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọ́ìlì dúdú kì í pẹ́ nílẹ̀ mi. Bàbá lándíloọ̀dù ti ń retí rẹ̀ láti fi kun igi àjà nítorí ikán, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù sì ń fi í pa mọ́ọ̀dù. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹnikẹ́ni dà á sídìí koríko lẹ́yìnkùlé, torí kànga ni ìdajì àdúgbò wa ń mu. Àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tó jáde nínú mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Houston ń gbé tiẹ̀ lọ sí AutoZone, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ́n sì ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba wa náà lè ní kí àwọn iléepo máa gbà á; wọ́n ti ní àyè, wọ́n ti ní táńkì.

Gálọ́ọ̀nù òfìfo ló wá kù. Ẹni tó ń ra ike kiri kì í fojú kéré rẹ̀, owó tó sì ń san lórí èyí tí ìdérí àti bébà ara rẹ̀ ṣì pé ju ti ike yòókù lọ. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó kúrò nílé yín, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì.