Kọ̀ǹpútà Tí Ń Kàwé Sí Wa Létí

Bí ojú ènìyàn bá fọ́, ọ̀rọ̀ ìrìn rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ máa ń ṣàánú rẹ̀ lé lórí. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀pá a máa tọ́ ẹsẹ̀ sọ́nà, ọwọ́ kì í sì í ṣi ẹnu mọ̀. Ohun tí ó dùn wá jù lọ ni pé a kò lè dá ka ìwé tí a kọ sí wa mọ́.

Àrùn tí à ń pè ní glaucoma ni ó gba ìmọ́lẹ̀ ojú wa díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà náà wá, bí ìwé bá ti báǹkì dé, ọmọ ni yóò kà á ní pálọ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó dé etí wa. A kò fi àwọn ọmọ wa sùn, nítorí tọkàntọkàn ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan dà bí ẹni tí ń gbé inú ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ bí a ti bẹ̀rẹ̀ lílo kọ̀ǹpútà tuntun tí àwọn ọmọ wa rà fún wa, bóyá yóò ṣe ìdílé mìíràn ní àǹfààní.

Ètò kan ń bẹ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní screen reader. Akàwé ni àwa ń pè é nínú ilé wa, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sí etí ẹni tí kò lè rí i. Kì í ṣe àwọn olójú nìkan ni ó ro iṣẹ́ yìí fún afọ́jú. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀ ní ọdún 1978, wà lára àwọn tí ó dá JAWS sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1989. Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, ni ó bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006; James Teh, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Owó ni a fi ń ra JAWS, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni NVDA, òun ni àwa sì ń lò.

Èkíní ni títan ẹ̀rọ náà. Windows ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa, Akàwé kan tí à ń pè ní Narrator sì ti wà nínú rẹ̀ kí a tó rà á. Bí a bá di bọ́tìnì Control àti ti Windows mú, tí a sì tẹ Enter, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àní kí a tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀rọ náà rárá. Àwọn ọmọ wa fẹ́ ṣe gbogbo ètò rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e fún wa, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwa fúnra wa ni a yan ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, Akàwé kò pe lẹ́tà rẹ̀ kankan síta. Láti ọdún mélòó kan wá, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò bá wa mọ̀.

Èkejì ni ọwọ́. Lórí bọ́tìnì F àti ti J, ìlà tín-ín-rín kan yọ sókè. Bí ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò bá ti bà lé wọn, àwọn ìka yòókù ti mọ ipò wọn. Nínú NVDA, bí a bá di Insert mú tí a tẹ 1, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ yóò máa pe orúkọ ara rẹ̀ láìṣe ohun mìíràn, títí a ó fi tún wọn tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ṣe èyí kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọmọ-ọmọ wa rẹ́rìn-ín pé bàbá àgbà padà sí kíláàsì ABD, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò pẹ́.

Ẹ̀kẹta ni bíbá Akàwé lò. Ó yára lẹ́nu púpọ̀, nítorí náà a dín ìyára rẹ̀ kù, a sì ń fi kún un bí etí wa ti ń mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, Control ni à ń tẹ̀ láti pa á lẹ́nu mọ́. Bí a kò bá mọ ibi tí a wà, a ó di Insert mú, a ó sì tẹ T, yóò sì sọ ọ́ fún wa. Tab àti àwọn bọ́tìnì ọlọ́fà ni à ń fi rìn. Máòsì wà nínú àpótí, a kò sì ṣe àárò rẹ̀.

A kò ní ṣàìsọ àbùkù rẹ̀. Ohùn tí ó wà nínú tiwa kò gbọ́ Yorùbá. Ọkọ obìnrin, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọdẹ, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún lẹ́nu rẹ̀. A ní láti fi ọgbọ́n orí wa gbé àmì ohùn lé e, bí ẹni tí ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àlejò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olójú sọ. Bí ẹ bá ń kọ́ afọ́jú ní kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe wí fún un pé, “Tẹ èyí,” tàbí, “Ó wà níbí.” Ẹ pe orúkọ bọ́tìnì náà. Ẹ má ṣe já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń pẹ́. Ẹ má ṣe bá a tún ohun tí ó tò sójú rẹ̀ tò, nítorí ẹni tí ó fi iye ìṣísẹ̀ mọ ọ̀nà yóò ṣìnà bí ẹ bá gbé ìlẹ̀kùn kúrò. Ohun tí ẹ bá ṣe fún un ní ìṣẹ́jú kan, ó sàn kí ó fi wákàtí kan ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí ní ọ̀la, ẹ lè má sí nílé.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ ṣe olùkọ́ pàdánù ìyàwó rẹ̀. Ó kọ̀wé sí wa, ó sì sọ ohun tí kò lè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. NVDA ní ohun kan tí ń mú ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn bí ẹni ta aṣọ ìkélé, tí yóò sì máa kàwé lọ. A ta á, a fi ohun àfisétí sétí, a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì fi ọwọ́ ara wa dá a lóhùn. Aya wa bèèrè ohun tí ó kọ. A sọ fún un pé ó kí i. Ìyókù wà láàárín àwa àti ọ̀rẹ́ wa.