Ẹnu Ta Ni Kò Sí Nínú Ìròyìn?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwé ìròyìn tó ń ṣègbè, ẹ wá ẹni tí kò bi léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Enugu nìyẹn, ọjà Artisan ló sì ti yé wọn jù.

Ọjà ẹran ni Artisan. Àwọn ará Òkè-Ọya pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ta màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò fáwọn Igbo. Nígbà tí Kérésì kan ń sún mọ́lé, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé ojúkòkòrò àwọn tó ń ta ẹran ló sọ ẹran di ọ̀wọ́n. Ó gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba, ó gbọ́ tẹnu oníbàárà, kò gbọ́ tẹnu òǹtajà kankan. Mo ní káwọn ọmọ lọ béèrè fúnra wọn. Bàbá kan tó di okùn ewúrẹ́ mú ka ìnáwó rẹ̀ fún wọn: owó ọkọ̀ akẹ́rù, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, oúnjẹ ẹran, àtèyí tó kú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní, “Sà, òun náà lè máa gbèjà ara rẹ̀ o.” Inú mi dùn gan-an. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìbáà jẹ́ ẹjọ́ ẹni tí a káàánú.

Enugu yìí kan náà ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fáwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, èèyàn 21 kú. Òyìnbó ni F. S. Philip, ọ̀gá ọlọ́pàá tó pàṣẹ ìbọn náà. Ìjọba ní ohun abúgbàmù làwọn fẹ́ kó kúrò níbẹ̀, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, kò gbà: òṣìṣẹ́ tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ni wọ́n pa. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba parí iṣẹ́, “rúkèrúdò” ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà lára ìwé àbọ̀ wọn. Mo kọ “rúkèrúdò” yìí sára pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, ta ló dá rúkèrúdò náà sílẹ̀, ẹni tó mú ìbọn ni àbí ẹni tó kú?



Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ra ìwé ìròyìn méjì tó sọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ fi bírò yí orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ ká, kí wọ́n wá kọ orúkọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bi tí wọn ò bi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.