Kí Bàbá Tó Bèèrè Owó Iná

Bí àwa àgbààgbà bá ti jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìsìn, tàbí níbi òkú àgbà, ẹjọ́ kan náà ni a máa ń dá. Ọmọkùnrin ti pé ọdún 28, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó ti ríṣẹ́, yàrá tó ti ń sùn láti kékeré ló ṣì ń sùn, kò sì ra búrẹ́dì wọlé rí. Ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ, bàbá tó ti fẹ̀yìntì ló ń san owó iná. Ẹnì kan á mirí, á ní, "Nígbà tiwa ńkọ́?" Gbogbo wa á sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé ó ti o, nígbà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdajì ìtàn ni a ń sọ. Ìdajì kejì kì í dùn lẹ́nu wa, ìyẹn ni a kì í fi í sọ ọ́.

Ọdún 1946 ni wọ́n bí mi, lábúlé oko kòkó kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ pé ilé méjì ni ará Ìbàdàn ayé ìgbà yẹn ní: ilé ìlú, tí a ń wá fún ọdún àti ìsìnkú, àti ilé oko, níbi tí iṣẹ́ wà. Mo bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nínú ìlànà àtijọ́ pátápátá. Láàárọ̀, oko Bàbá ni gbogbo wọn ń lọ. Wọn á ro, wọn á já kòkó, wọn á fọ́ ọ, wọn á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọn á sá a. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Bàbá á ní kí kálukú máa lọ sí oko tirẹ̀, oko kékeré tí òun fúnra rẹ̀ là fún wọn, tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, ilá àti ata sí. Owó tó bá ti ibẹ̀ jáde, tiwọn ni. Òun ni wọ́n fi ń ra aṣọ ọdún, òun ni wọ́n fi ń lọ síbi ìlù.

Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n mi àgbà nígbà náà pé èló ló ń dá sí ìnáwó ilé, kò ní mọ ohun tí ẹ ń wí. Kì í san owó ilé, nítorí kò sí ẹni tó ń san owó ilé. Iṣu wà nínú àká Bàbá, èlùbọ́ wà lájà, ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Apá rẹ̀ ló fi ń dá tirẹ̀, látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ibi tí àwa àgbà máa ń fò ni èyí tó kàn. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ọmọ bá ti tó gbéyàwó, Bàbá ló ń gbé e fún un. Bàbá ló ń san owó ìdána, òun ló ń ra iṣu àti obì, òun ló ń pe ẹbí jọ. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna, Bàbá á tú gbogbo ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, oko tirẹ̀ á dúró. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó di dandan kó fún ọkùnrin náà ní yàrá nínú agbo ilé, kó sì fi ilẹ̀ hàn án níbi tí yóò gbin kòkó tirẹ̀ sí. Bàbá tó bá lo ọmọ lò ó lò ó, tí kò gbé ìyàwó fún un, ẹjọ́ rẹ̀ yóò dé iwájú baálé, àwọn ará ilé ìyá ọmọ á sì wá bi í ní ìbéèrè. Mo rí i lójú ara mi nígbà tí mo wà ní kékeré: àgbàlagbà kan, onírùngbọ̀n funfun, tí wọ́n jókòó tì í lọ́dẹ̀dẹ̀ títí ó fi dá ọjọ́ ìdána ọmọ rẹ̀.

Ti àwọn obìnrin náà ní ètò tirẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń kiri ẹ̀kọ láfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ló ń pa èkùrọ́ lálẹ́. Èrè ẹ̀kọ, ti ìyá wọn ni. Ti èkùrọ́, ìyá kan náà á gbà á pa mọ́, ẹrù ìyàwó ni yóò fi rà: ìkòkò, abọ́, aṣọ òkè. Ọmọbìnrin tó kiri fún ọdún mẹ́wàá kì í lọ sílé ọkọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.

N kò ní kí ẹ máa rò pé ayé náà dùn bí oyin. Nígbà tí bàbá bàbá mi ṣì wà lọ́mọdé, ẹni tó bá jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé. Owó gan-an dúró síbẹ̀, ọmọ á sì máa sìn títí wọn yóò fi san án. Ìyẹn náà jẹ́ dídá owó sí ìnáwó ilé. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí ìgbà àtijọ́ padà wá, kó fi ìyẹn kún un.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti yí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kùn, nítorí ọwọ́ tó ń já kòkó ni wọ́n kó lọ sí kíláàsì. Bàbá mi kùn, àmọ́ ó jẹ́ kí n lọ. Mo parí ìwé mẹ́fà, wọ́n sì ta kòkó láti fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà. Láti ìgbà náà, ọmọ kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́ mọ́. Ọmọ ti di ìnáwó. Nítorí náà ni àwọn bàbá wa fi dá ọgbọ́n tuntun: ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ìwé ni yóò fa ẹni tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ọdún 1965 ni mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, iṣẹ́ akọ̀wé ni, kò sì pé pọ́n-ùn mẹ́wàá. Bó ṣe wà nínú àpòòwé ni mo gbé e fún Bàbá. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wúre títí, ó yọ pọ́n-ùn kan, ó sì kó ìyókù fún ìyá mi. Ìyá mi wá ka ṣílè díẹ̀ fún mi, owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh, èmi ń fẹsẹ̀ rìn. Mo bínú gan-an. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ fún yín pé a kì í bínú nígbà náà ń pa. A kàn kì í jẹ́ kó hàn lójú ni.

Owó náà kò sí níbi kankan tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí dè mí. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò mi ló bá lọ. Nígbà tí mo wá ní mo fẹ́ gbéyàwó, Bàbá kò bi mí pé èló ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ta kòkó ọdún náà, ó sì ṣe ìdána láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé ìyàwó láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi náà ló fa ẹ̀kẹta. Àwọn mìíràn tó kọ́kọ́ jáde jìyà rẹ̀ ju èmi lọ: mo mọ àwọn tó fa àbúrò márùn-ún jáde, tí wọn kò kọ́ ilé tiwọn títí wọ́n fi kú.

Ìrírí yẹn ló jẹ́ kí a búra. Gbogbo wa la sọ ọ́, nílé, níbi iṣẹ́: "Ọmọ mi kò ní jẹ irú ìyà tí mo jẹ." Owó Údòjì, ẹ̀kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ní 1975, a ra tẹlifíṣọ̀n, a sanwó ilé ẹ̀kọ́, a ní kí ọmọ kọjú sí ìwé rẹ̀. Ọmọ kò kiri, kò roko, kò mọ iye tí garawa gààrí jẹ́. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n pè ní SAP dé ní 1986, tí owó oṣù kò ra nǹkan mọ́, a ṣì ń bò ó fún wọn. Ọmọ tí a fi ọ̀rọ̀ owó pa mọ́ fún lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé owó ń tán nígbà tó pé 28? Òun náà sì ti wá tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló dá ọ̀pọ̀ wọn dúró sílé. Ẹni tó bá fẹ́ háyà yàrá kan yóò san owó ọdún kan lódidi, nígbà mìíràn ọdún méjì, yóò san àgírímẹ́ǹtì, yóò san kọmíṣọ́ọ̀nù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Lọ́dún kan náà, lóṣù kẹrin, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, fò láti 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróòlù nílé epo ìjọba kò tó 200 náírà. Ọdún tó tẹ̀ lé e kò parí tó fi kọjá 900. Níbo ni wọ́n ní kí ọmọ náà kó lọ?

Kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n máa jókòó jẹ. Kí wọ́n mú owó wá. Àmọ́ òwe òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi gbá ọmọ lẹ́nu, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀: òkété ti kọ́kọ́ fún ọmọ lọ́mú. A ti ta ilẹ̀ oko. Ìdána, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń san án, ó tún ń ra aṣọ tí bàbá yóò wọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tí bàbá ayé àtijọ́ ń gbà ni a ṣì fẹ́ gbà. Èyí tó ń fún ọmọ ni a ti pa rẹ́.

Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti yanjú rẹ̀. Ọmọbìnrin ló ń ra gáàsì, ọmọkùnrin ló ń ra iná sí mítà, ìyá ṣì ń fún wọn lówó ọbẹ̀. Bàbá wọn, ẹlẹgbẹ́ mi ni, ti fi ẹ̀yìnkùlé lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ láti kọ́ yàrá sí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì pe àbúrò rẹ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kò sí ariwo nínú ilé náà. Nígbà tí bulọ́ọ̀kù dé, àwọn ọmọ ló sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ọmọ lálẹ́ láti bèèrè owó iná, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dá ẹ̀yin fúnra yín lójú ohun tí ẹ̀yin yóò fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn. Bí owó oṣù tó ń bọ̀ bá ti wọlé, ẹ bi ìyá yín léèrè ohun tó tán nílé.