Mo Yọ Ọmọrogùn sí Kọ́pà, Àṣé Ìṣirò Ló Ń Kọ́ Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí, torí ojú ń tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́ ládùúgbò.

Àmàlà àti ìrẹsì ni mo ń tà ní Oníru, lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Ẹni tó bá mọ Oníru mọ̀ pé ilé kíkọ́ kì í tán níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń kun ọ̀kan lọ́dà ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ òmíràn. Àwọn bíríkìlà, káfíńtà, lébìrà àti àwọn ẹ̀ńjíníà tó ń dé akoto ni oníbàárà mi. Èmi kì í gbé ibẹ̀ o, ta ní fẹ́ san owó ilé yẹn! Ìlasàn ni mo ti ń wá láràárọ̀.

Agbègbè náà kò ṣàjèjì sí mi ṣá. Màrókò ni wọ́n bí mi sí. Ní oṣù keje ọdún 1990 tí wọ́n wó Màrókò, kíláàsì kejì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ní àwọn tí kò nílé mọ́ lọ́jọ́ náà tó 300,000. Àwọn kan gba Ìkọ̀tá lọ, àwọn kan gba Ẹ̀pẹ́, àwọn òbí mi kó wa lọ sí Ìlasàn. Ibẹ̀ ni ìwé mi dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni mo fẹ́ràn jù lọ nígbà náà, tó fi jẹ́ pé tíṣà wa a máa pè mí síwájú kí n wá ṣe é lára pátákó. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí àbíkẹ́yìn mi obìnrin ní ẹ̀ńjíníà lòun fẹ́ ṣe.

Nígbà tó wọ SS2 ní 2022, ó mú Further Maths mọ́ Physics. Àwọn mẹ́rin péré ló mú un. Kò pẹ́ tí tíṣà tó ń kọ́ wọn fi bá ọ̀nà òkè òkun lọ, kò sì sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ náà wá ń dá ka ìwé Tuttuh-Adegun fúnra wọn, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lóru.

Mo gba tíṣà lẹ́sìnnì kan, ₦15,000 lóṣù. Àwọn ọmọ olówó ló ń kọ́, ó ní nítorí Ọlọ́run lòun fi dín owó fún mi. Bó bá dé, á kọ ìdáhùn sínú ìwé, ọmọ mi á dà á kọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá sì wá, ọmọ á ya fọ́tò ìbéèrè sórí fóònù, ìdáhùn á yọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, á tún dà á kọ. Èmi a ṣí ìwé, n ó rí i pé ó kún fọ́fọ́, inú mi á máa dùn. Ó di ìdánwò oṣù keje 2023, ọmọ mi gba 7 nínú 40.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ń sunkún, ó ní, “Màámi, projectile ni.” Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mo rò pé orúkọ tíṣà kan ni. Mo ní, “Níbo ló ń gbé?”

Láti oṣù kẹwàá ọdún náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí nǹkan. Bí ọmọ yìí bá ti ilé ìwé dé ìsọ̀ mi, tó bá mi fọ abọ́, bó bá ti di agogo márùn-ún, n kò ní rí i mọ́. Á di agogo mẹ́fà ààbọ̀ kó tó yọjú, iyanrìn á wà lára yẹ̀rì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fara pa lọ́wọ́ ọkùnrin rí, oyún ló gbé e kúrò ní SS3. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́jọ́ kan ni obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ ẹnu mọ́ mi létí: “Ìyá, ọmọ yín àti kọ́pà yẹn tún ti lọ sórí iyanrìn o.”

Mo mọ kọ́pà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé tí wọ́n ń kọ́ lójúde wa ló ti ń sin ìlú, a sì máa jẹ àwìn lọ́dọ̀ mi bí oṣù bá ti ń parí lọ. Àmàlà wà lórí iná. N kò sọ̀ ọ́ o! Mo fa ọmọrogùn yọ gbígbóná, mo kọrí sí ilẹ̀ oníyanrìn tó ṣófo lọ́nà etí òkun.

Mo bá wọn níbẹ̀ lóòótọ́. N kò béèrè nǹkan kan. Mo gbá ọmọ mi létí, mo yọ ọmọrogùn sí kọ́pà, mo ní ṣé àwìn tó ń jẹ kò tó o ni, tó fi fẹ́ kó ọmọ mọ́ ọn? Àwọn lébìrà ti ń sá bọ̀ wá wòran. Kọ́pà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé rẹ̀.”

Mo wo ìwé. Òkúta ni wọ́n ń jù. Kọ́pà á jù ú nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á jù ú lọ sókè réré, á tún jù ú kí ó gba àárín méjèèjì, ọmọ mi á fi ẹsẹ̀ wọn ibi tó balẹ̀ sí, á kọ ọ́. Èyí tó gba àárín ló jìnnà jù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé, pẹ̀lú àwòrán. Ilẹ̀ kò sì lanu kí n wọlé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Màámi, bí mo bá sọ pé ọkùnrin ló ń kọ́ mi, ṣé ẹ ó gbà?” Títí di òní, n kò tíì rí èsì ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo bẹ kọ́pà, n kò sì fi bò pé òun náà jẹ̀bi díẹ̀, torí a kì í mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kọ̀rọ̀ láìbéèrè. Ó ní òótọ́ ni. A wá ṣe é báyìí: ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, abẹ́ agbòòrùn mi ni lẹ́sìnnì, lójú mi. Ó ní òun kò gba owó. Mo ní kò sí àwìn mọ́ nìyẹn, àmàlà àti ẹran méjì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yìí mọ ènìyàn í kọ́! Kì í sọ ìdáhùn. Bí ọmọ mi bá ní “Mi ò mọ̀,” á ní, “Kí lo mọ̀?” Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ méjì sí etí tábìlì mi. Ó ní bí òun bá fi ìka ta ọ̀kan kó fò jáde, tí òun sì jẹ́ kí èkejì já bọ́ lẹ́sẹ̀ tábìlì lásìkò kan náà, èwo ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀? Mo ní èyí tó já bọ́ tààrà ni, ṣebí ọ̀nà tirẹ̀ kò jìn. Ó ta á. Kò! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la gbọ́. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe nígbà mẹ́fà. Bíríkìlà kan fi òkèlè sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dán an wò.

Ó ní òkúta tí a jù ń ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ síwájú, ilẹ̀ sì ń fà á wálẹ̀, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ó ní ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Galileo ti kọ èyí sínú ìwé tó jáde ní 1638. Ẹni tó bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti bọ́, ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ló ń sunkún.

Ìṣòro ọmọ mi gan-an ni pé ó ti há fọ́ọ́múlà kan sórí, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe máa jìnnà tó, gbogbo ìbéèrè ló ń fi í sí. Kọ́pà ní òkúta tó bá balẹ̀ síbi tó ga bákan náà pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti jù ú nìkan ni fọ́ọ́múlà yẹn wà fún. Ó nawọ́ sí ilé iwájú wa. “Ká ní dẹ́kìn yẹn ga ní mítà 20. Ẹnì kan ta bíríkì síwájú gbọọrọ, mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báwo ni yóò ṣe jìnnà tó sí ilé kó tó balẹ̀?”

Ọmọ mi ti fa bírò yọ. Kọ́pà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Ká ní ó kàn já bọ́ ni, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò fi dé ilẹ̀?” Bí nǹkan bá ń já bọ́, ìyára rẹ̀ ń fi bíi 10 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn méjì, ó ti di 20. Òdo ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì 20 sì ni 10. 10 lọ́nà méjì, 20 nìyẹn, ó ti balẹ̀. Ọmọ náà wo orí dẹ́kìn, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Méjì.”

“Láàárín méjì yẹn, kí ló ń ṣe síwájú?”

“Ó ń lọ ní 15… 15… Ọgbọ̀n! Mítà 30!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti sọ ọgbọ̀n nínú ikùn mi kí ó tó la ẹnu. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Kọ́pà parí ìsìn ìlú rẹ̀ ní oṣù kẹta 2024, ó lọ. Nígbà tí èsì WAEC jáde lọ́dún náà, ọmọ mi gba B3 nínú Physics, ó gba C5 nínú Further Maths. Máàkì JAMB rẹ̀ kò tó fún ẹ̀ńjíníà, ó sì kọ̀ láti mú iṣẹ́ mìíràn, ó ní òun á tún un ṣe. Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà.

Bó ti ń dúró de ìdánwò mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọkùnrin kan lábẹ́ agbòòrùn mi. Ta ni ọmọ náà? Ọmọ obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọmọ mi gbé òkúta méjì sí etí tábìlì, ó bi í léèrè. Ọmọkùnrin náà ní èyí tó já bọ́ tààrà ló máa kọ́kọ́ balẹ̀, ó sì wo ojú mi bóyá n ó gbè é. Mo ń bu àmàlà lọ ní tèmi, n kò sọ nǹkan kan.

Èmi ni,
Ìyá Alámàlà, Oníru, Èkó.