Àkísà Àgbà: Ìdí Tí Àwọn Akọni Yunifásítì Kan Fi Ń Kọsẹ̀ Nínú NFL

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà mu, bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sáré. Ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì ni atukọ̀ eré náà: òun ló ń pinnu ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò lọ bá. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti gbayì ní yunifásítì sí ipò yìí. Kò sì sí ìgbà tí àwọn kan nínú wọn kì í kọsẹ̀. Kí ló ń fà á?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, Alex Smith ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo òṣèré tuntun. Kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Ní sáà 2004, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni Yunifásítì Utah jáde pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìlànà NFL ni pé ẹgbẹ́ tó kùnà jù lọ ni yóò kọ́kọ́ yan. San Francisco 49ers, tó mú Smith, borí nínú eré 2 péré nínú 16 ní 2004. Ọmọ tí gbogbo ayé ń wá ni wọ́n mú lọ sí ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò jù. Ní sáà 2005, ẹ̀ẹ̀kan péré ni bọ́ọ̀lù tí ó jù di àmì ayò; ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni àwọn alátakò já a gbà.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ẹni tí a ń bá figagbága. Yunifásítì tó wà ní ìpele bọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ju 130 lọ. Ẹgbẹ́ 32 péré ló wà nínú NFL. Púpọ̀ nínú àwọn tí akọni yunifásítì ń borí ni kò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun láé. Ní NFL, gbogbo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ti jẹ́ akọni níbi tó ti wá. Ní yunifásítì, ó lè dúró títí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ alátakò kí ó tó jù ú sí i. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ ní NFL, ó ti pẹ́: ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ ni yóò jù ú sí, kí onítọ̀hún tó débẹ̀.

Pápá pàápàá kò rí bákan náà. Àmì ìlà méjì wà láàárín rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní etí pápá. Ní yunifásítì, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín àmì méjèèjì. Ní NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, apá kan máa ń gbòòrò ní yunifásítì débi pé alátakò kò lè ká gbogbo rẹ̀.

Ìdí kẹta ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́ngbá yunifásítì ló ti máa ń ronú fún òṣèré wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tàbí pátákó alájúwòrán ṣe àmì láti etí pápá. Ní NFL, láti 1994 ni ohùn akọ́nimọ̀ọ́ngbá ti ń wọ inú àṣíborí kọ́tábáàkì, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú àáyá bá ku 15, ohùn náà á gé. Láti ìgbà yẹn, òun àti làákàyè rẹ̀ ló kù.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti ilé tí a gbé ọmọ sí. Ní 1998, Peyton Manning ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, Ryan Leaf ló tẹ̀ lé e. Ní sáà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n já bọ́ọ̀lù Manning gbà. Ti Leaf jẹ́ 15. Manning fi àṣìṣe rẹ̀ ṣe ìwé kíkà, ó sì gba ife Super Bowl méjì. Leaf kò gbá bọ́ọ̀lù NFL kọjá 2001. Òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà ní gbangba pé ìwà òun wà lára ohun tó bá òun jà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Smith. Láti 2005 sí 2009, ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìlànà ìkọlù. Ẹni àkọ́kọ́, Mike McCarthy, lọ di olórí akọ́nimọ̀ọ́ngbá Green Bay ní 2006. Níbẹ̀ ni Aaron Rodgers wà, ẹni tí wọ́n yàn ṣe ìkẹrìnlélógún lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n yan Smith. Ọdún mẹ́ta ni Rodgers fi jókòó sẹ́yìn Brett Favre, tó ń wo, tó ń kọ́, kí ó tó gba ipò ní 2008. Ní sáà 2010, ó gba Super Bowl. Ọmọ kan rí àgbà wò, ọmọ kejì ń rí olùkọ́ tuntun lọ́dọọdún.

Ní 2011, Jim Harbaugh dé San Francisco. Ó ṣe ìlànà tó bá Smith mu, ẹgbẹ́ náà sì borí nínú eré 13 nínú 16. Smith kan náà tí wọ́n ti pè ní ìjákulẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fi bọ́ọ̀lù mọ. Ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní níbì kan lè ṣubú ní ibòmíràn, kì í ṣe pé orí rẹ̀ ti kú. Kí a tó pè é ní olódo, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ló ń kọ́ ọ, ìgbà mélòó ni wọ́n ti pààrọ̀ olùkọ́ rẹ̀, ǹjẹ́ wọ́n sì fún un láyè láti wo àgbà? Aṣọ ni ẹ̀bùn. Ìgbà àti sùúrù ló ń sọ aṣọ di àkísà.